Bí A Ṣe Ń Mọ Irú Praefectus Tí Ìwé Ń Sọ̀rọ̀ Rẹ̀

Ní kíláàsì Bíbélì tí mo máa ń darí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, a ka Mátíù orí 27 dé ibi tí wọ́n ti fa Jésù lé Pọ́ńtíù Pílátù lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó sì bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Baálẹ̀ bíi ti abúlé wa ni Pílátù?” Bíbélì Yorùbá àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó pe Pílátù ní Baálẹ̀. Ìwé àlàyé tí ọmọkùnrin tí ó jókòó tì í ń kà pè é ní “prefect”, ti ẹlòmíràn sì pè é ní “procurator”. Kíá ni mo dáhùn pé prefect ni, pé kí wọ́n sáà rántí pírífẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ wọn. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé pírífẹ́ẹ̀tì tí wọ́n mọ̀ ni ẹni tí ó ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n pẹ́ dé, tí ó sì ń ní kí wọ́n lọ gé koríko. Kò sí èyí tí ó lè dá ẹjọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Nígbà tí mo délé, tí mo ṣí àwọn ìwé Látìnì mi àtijọ́, mo rí i pé irọ́ kọ́ ni mo pa, nítorí pé orúkọ oyè kan náà ni pírífẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ àti Pílátù ń jẹ́ lóòótọ́. Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé mo mú orúkọ oyè náà bí ẹni pé ó dá dúró, bẹ́ẹ̀ ni praefectus kì í dá dúró. Ìlànà tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí wà fún olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, olùdarí kíláàsì Bíbélì àti ẹnikẹ́ni tí ó bá bá orúkọ oyè yìí pàdé nínú ìwé, tí ó sì fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò

Látìnì ni praefectus. Prae tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ túmọ̀ sí “níwájú”. Apá kejì wá láti ara facere, tí ó túmọ̀ sí “láti ṣe” tàbí “láti fi ṣe”. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ohun tí a ní ni “ẹni tí a fi ṣe olórí”. Ẹ óò sì rí i pé gbólóhùn náà kò tíì parí. Olórí kí ni? Ta ni ó fi í ṣe olórí? Orúkọ oyè náà kò sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ mìíràn láti bá a dáhùn.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa ará Ìjẹ̀bú. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, pé Gíwá ti ń bọ̀, ohun tí ẹ óò béèrè ni pé Gíwá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wo, nítorí pé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní Gíwá tirẹ̀. Bí a bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní Àgó-Ìwòyè, níbi tí Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà, ọ̀gá àgbà yunifásítì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò. Kò sí ẹni tí yóò jókòó máa jiyàn pé èwo nínú àwọn Gíwá wọ̀nyí ni Gíwá tòótọ́. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi ka praefectus.

Ohun kan wà ṣá tí ọ̀rọ̀ náà sọ láìnílò ìrànlọ́wọ́: ẹni tí ń jẹ́ ẹ kì í sábà gba ìbò débẹ̀, ẹnì kan ni ó máa ń fi í síbẹ̀. Àwọn olóyè ńláńlá ayé ìjọba olómìnira Róòmù, irú bíi consul àti praetor, ìbò ni àwọn ará ìlú fi ń yàn wọ́n lọ́dọọdún. Nítorí náà, bí ẹ bá ka ìwé kan tí ó sọ pé àwọn ará Róòmù dìbò yan praefectus urbi, olórí ìlú Róòmù, ẹ fura sí ìwé náà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibí náà ni ó sì dùn jù. Ẹni tí ó bá ti gbé bọ́dìn rí mọ̀ pé pírífẹ́ẹ̀tì oúnjẹ yàtọ̀ sí pírífẹ́ẹ̀tì ilé ìkàwé, èyí tí ń ṣe kòkáárí gígé koríko sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Bí àwọn ará Róòmù ti ṣe tiwọn náà nìyẹn. Wọ́n ní pírífẹ́ẹ̀tì oúnjẹ ní ti gidi, praefectus annonae ni wọ́n sì ń pè é. Augustus, Késárì àkọ́kọ́ ní Róòmù, ni ó dá ipò náà sílẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, láàárín ọdún 8 sí 14 lẹ́yìn ìbí Krísti, Gaius Turranius sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ọkà láti Íjíbítì àti Àríwá Áfíríkà gúnlẹ̀ sí Róòmù ní àkókò, kí ebi má baà sọ ìlú di rúkèrúdò. Ẹ má ṣe rò pé òun náà ni ó ń wọn ọkà ọ̀fẹ́ fún àwọn tí ó tọ́ sí, tí Augustus fi iye wọn sí nǹkan bí 200,000 ọkùnrin. Àwọn praefecti mìíràn wà fún ìyẹn, tí a ń pè ní praefecti frumenti dandi, “àwọn tí a fi ṣe olórí ọkà pínpín”. Orí ọkà kan náà ni oyè méjèèjì dúró lé, àmọ́ ọ̀kan ń gbé e wọ̀lú, èkejì ń pín in.

Praefectus vigilum ni olórí àwọn panápaná. Ọdún 6 lẹ́yìn ìbí Krísti ni Augustus kó wọn jọ ní ẹgbẹ́ méje, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ṣọ́ àdúgbò méjì nínú àdúgbò 14 tí ó pín ìlú Róòmù sí. Láti ara “àìsùn” àti “ìṣọ́” ni vigiles ti wá, nítorí náà yàtọ̀ sí iná, àwọn ni wọ́n tún ń lé olè lóru. Bí ẹ bá ń túmọ̀ rẹ̀, “olórí panápaná” nìkan kò kárí iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ọdẹ òru wà nínú rẹ̀.

Lójú ogun, orúkọ oyè yìí pọ̀ bí eéṣú. Praefectus cohortis ń darí nǹkan bí 500 ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ onílùú Róòmù. Praefectus alae ń darí nǹkan bí 500 ẹlẹ́ṣin. Praefectus classis ń darí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ojú omi ogun. Pliny Àgbà tí ó kọ ìwé ńlá nípa ohun gbogbo tí ń bẹ láyé ni praefectus classis ní Misenum ní ọdún 79, nígbà tí òkè Vesuvius bú gbàmù. Ó tu ọkọ̀ lọ láti lọ yọ àwọn ènìyàn, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Praefectus castrorum, olórí ibùdó, ni ẹni kẹta nínú légíónì, èyíinì ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá ti Róòmù. Jagunjagun tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí ó ti di irun funfun nínú ogun, ni ó sábà máa ń jẹ́, nígbà tí ẹni kejì tí ó wà lókè rẹ̀ sì lè jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ilé ọlọ́lá tí kò tíì rí ogun rí.

Ẹ ṣọ́ra fún praefectus fabrum, nítorí pé òun ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù. Fabri ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, alágbẹ̀dẹ àti oníṣẹ́ ọwọ́ gbogbo, nítorí náà ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìlànà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ là sílẹ̀ yìí yóò sọ pé olórí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ inú ọmọ ogun ni. Ó lè ti rí bẹ́ẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ayé Julius Caesar, ẹni tí ń jẹ́ oyè yìí ti di ọwọ́ ọ̀tún ọ̀gágun, ẹni tí ó fọkàn tán fún iṣẹ́ tí kò ní fi rán ẹlòmíràn. Balbus, ọmọ ìlú Gades ní ilẹ̀ Sípéènì, jẹ ẹ́ lábẹ́ Caesar; Mamurra náà jẹ ẹ́, ó sì lówó débi pé akéwì Catullus kò yé fi í ṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé praefectus ni ẹ óò kọ́kọ́ wò nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbà á gbọ́ tán kí ẹ tó wo ohun tí ẹni náà ń ṣe nínú ìtàn.

Ẹ béèrè ẹni tí ó fi í síbẹ̀

Nínú ìtàn tí àwọn ará Róòmù ń sọ nípa ara wọn, nígbà tí ọba bá fẹ́ kúrò nílùú, yóò fi ẹnì kan sílẹ̀ pé kí ó máa mójú tó ìlú títí òun yóò fi dé. Ẹni náà ni praefectus urbi, olórí ìlú. Lẹ́yìn tí ọba tán ní Róòmù, tí praetor wá ń jókòó sílé láti dájọ́, oyè náà di ohun àṣà lásán: ọ̀dọ́mọdé ilé ọlọ́lá ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí gbogbo àwọn àgbà bá lọ sí ọdún Latin ní orí òkè Alban. Augustus ni ó tún jí i dìde, kì í sì ṣe fún ọmọdé mọ́. Messalla Corvinus tí ó kọ́kọ́ fi síbẹ̀ kò lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kí ó tó fi ipò náà sílẹ̀, ohun tí a sì gbọ́ ni pé ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń lo irú agbára bẹ́ẹ̀. Lucius Piso tí ó jẹ ẹ́ nígbà tí ó yá ni ó gbé e níyì; orí oyè náà ni ó kú sí ní ọdún 32. Láti ìgbà náà, praefectus urbi ní ọmọ ogun tirẹ̀ láàárín ìlú, ó ń dájọ́, nígbà tí ó sì yá, àṣẹ rẹ̀ dé ibi òkúta máìlì 100 sí Róòmù.

Ẹ̀yin náà ti rí ohun tí ó so ọmọdé ọjọ́ ọdún Latin àti Piso pọ̀: àṣẹ tí wọ́n ń lò kì í ṣe tiwọn. Ẹni tí ó ni àṣẹ ni ó yá wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní àwọn ìlú Ítálì kan tí Róòmù gba àṣẹ ìdájọ́ lọ́wọ́ wọn, Capua wà lára wọn, tí wọ́n ń rán praefectus lọ síbẹ̀ láti dájọ́. Ìlú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní praefectura. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni nígbà tí ìlú kékeré kan bá fi Késárì jẹ olórí ìlú wọn fún ọdún kan láti fi bu ọlá fún un: Késárì kò ní wá, yóò fi praefectus sípò ara rẹ̀.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ajẹ́lẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ni Ìbàdàn fi sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí ìnira wọn sì wà lára ohun tí ó fa ogun Kírìjì ní 1877. Agbára Ìbàdàn ni ajẹ́lẹ̀ ń lò, Ìbàdàn sì lè pè é padà nígbà tí ó bá wù ú. Bí mo bá ka praefectus tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mójú tó ilẹ̀ onílẹ̀, ajẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹni tí ó tóbi jù nínú irú ajẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni praefectus Aegypti. Ní ọdún 30 ṣáájú ìbí Krísti, nígbà tí Íjíbítì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a wá mọ̀ sí Augustus, kò fi ọmọ ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù kankan síbẹ̀. Cornelius Gallus ni ó fi síbẹ̀, akéwì àti ọ̀gágun tí ó wà ní ìpele àwọn ẹlẹ́ṣin. Àwọn ẹlẹ́ṣin wọ̀nyí kì í ṣe irú àwọn tí a ń rí ní Ojúde Ọba. Ìpele àwọn olówó ni, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní dúkìá tí ó tó sesterces 400,000 kí ó tó wọ̀ ọ́, ó sì wà lábẹ́ ìpele ìgbìmọ̀ àgbà. Ìdí tí Augustus fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọkà tí Róòmù ń jẹ ń ti Íjíbítì wá. Bí ọlọ́lá kan tí ó lè du ìtẹ́ bá jókòó lé ọkà náà pẹ̀lú ọmọ ogun, wàhálà dé. Ó tilẹ̀ kà á léèwọ̀ kí ọmọ ìgbìmọ̀ àgbà kan ẹsẹ̀ sí Íjíbítì láìgba àṣẹ. Gallus fúnra rẹ̀ kò sì gbádùn rẹ̀ pẹ́: ó ń gbé ara rẹ̀ ga lórí àwọn òkúta tí ó ní kí wọ́n kọ, ó pàdánù ojú rere Augustus, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni praefectus fi di oyè tí àwọn ẹlẹ́ṣin mọ̀ sí tiwọn, tí wọ́n ń gùn láti orí èyí tí ó kéré dé orí èyí tí ó ga jù: ọkọ̀ ojú omi, panápaná, ọkà, Íjíbítì, àti lókè pátápátá, praefectus praetorio, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ Késárì. Praefectus urbi nìkan ni ó ta yọ nínú gbogbo àwọn ńlá yìí, nítorí pé àgbà nínú ìgbìmọ̀ ni ó ń jẹ òun.

Ní báyìí mo lè dá ọmọbìnrin yẹn lóhùn. Ní ọdún 1961, wọ́n hú òkúta kan jáde ní Kesaríà lẹ́bàá òkun tí wọ́n kọ orúkọ Pílátù sí, àwọn lẹ́tà tí ó kù lára rẹ̀ sì jẹ́ kí a mọ̀ pé praefectus Judíà ni ó pe ara rẹ̀. Tacitus tí ó kọ ìtàn rẹ̀ ní nǹkan bí 80 ọdún lẹ́yìn náà pè é ní procurator, nítorí pé orúkọ tí àwọn tí ń ṣàkóso Judíà ń jẹ́ láti ayé Késárì Claudius, láti ọdún 44, ni ó mọ̀ jù. Praefectus ń múni rántí ogun àti àṣẹ. Procurator jẹ́ ẹni tí ń bójú tó owó àti ohun ìní ọ̀gá rẹ̀. Nítorí náà ìwé àlàyé méjèèjì tí ó wà ní kíláàsì mi ní ìdí, ṣùgbọ́n ti òkúta ni ó borí, torí pé ojú ayé Pílátù ni wọ́n gbẹ́ ẹ.

Bíbélì Yorùbá wá ńkọ́? Àwọn tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́ nílò ọ̀rọ̀ fún alákòóso tí kì í ṣe ọba, baálẹ̀ sì ni olórí tí kì í dé adé, mi ò sì lè bá wọn jà. Àmọ́ lọ́dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, baálẹ̀ jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀. Àlejò ni Pílátù ní Judíà. Kesaríà ni ó fi ṣe ibùjókòó, ó ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù nígbà ọdún, Róòmù ni ó sì ń jíhìn fún. Ajẹ́lẹ̀ ni, kì í ṣe baálẹ̀. Ẹni tí ó bá lóye èyí yóò túbọ̀ lóye ìdí tí ẹ̀rù fi bà á nígbà tí àwọn ènìyàn pariwo mọ́ ọn pé bí ó bá tú Jésù sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ Késárì.

Ẹ wo ọdún

Orúkọ oyè lè dúró kí iṣẹ́ inú rẹ̀ yí padà pátápátá. Ojú ogun ni Bàlógun ti wá. Lónìí, ìran àwọn Bàlógun ìgbàanì, irú bíi ti Bàlógun Kuku, ń gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba láìsí ogun kankan, ọ̀pọ̀ ìjọ ní Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde sì ní Bàlógun ìjọ tí kò mú idà rí. Praefectus praetorio rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ìrìn tirẹ̀ sì gba ọ̀ọ́dúnrún ọdún.

Ní ọdún 2 ṣáájú ìbí Krísti, Augustus fi ọkùnrin méjì ṣe olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, méjì sì ni ó fi wọ́n ṣe kí ẹnì kan má baà dá lágbára. Sejanus tí ó jẹ ẹ́ lábẹ́ Tiberius, Késárì tí ó tẹ̀ lé Augustus, di ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ sí ibùdó kan ní Róòmù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di Késárì kejì kí wọ́n tó pa á ní oṣù kẹwàá ọdún 31. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kẹta, àwọn amòfin ńlá bíi Papinian àti Ulpian ni a ń bá lórí oyè náà, nítorí pé ìdájọ́ ti di apá kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí Ulpian jẹ́ olórí fún ni wọ́n sì pa á. Macrinus jẹ oyè náà títí di ọdún 217, ó sì bọ́ sí orí ìtẹ́ gẹ́gẹ́ bí Késárì, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìpele àwọn ẹlẹ́ṣin.

Lẹ́yìn náà ni Késárì Constantine ṣẹ́gun lẹ́bàá afárá Milvian ní ọdún 312, ó sì tú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ká pátápátá. Ènìyàn yóò rò pé oyè náà ti parí. Kò parí. Láàárín ọ̀rúndún kẹrin, praefectus praetorio ti di olórí ìjọba alágbádá lórí odidi apá kan ayé Róòmù, èyí tí ó wà fún Gaul, èyí tí ó wà fún Ìlà Oòrùn, pẹ̀lú owó orí, ìdájọ́ àti ìpèsè oúnjẹ ọmọ ogun lọ́wọ́ rẹ̀, láìsí ọmọ ogun kankan tí ó ń darí. Ẹni tí ó bá wá túmọ̀ praefectus praetorio ọdún 380 sí “olórí ẹ̀ṣọ́ ọba” ti fi 70 ọdún ṣìnà. Nítorí náà, kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀, ẹ wá ọdún rẹ̀. Bí ó bá ṣáájú 312, ẹ̀ṣọ́ ni. Bí ó bá ti kọjá rẹ̀, gómìnà àwọn gómìnà ni.

Nígbà tí kì í ṣe Róòmù àtijọ́ mọ́

Àwọn Gíríìkì túmọ̀ praefectus sí eparchos, ọ̀rọ̀ náà sì ń bẹ láàyè nínú ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, níbi tí eparchy ti jẹ́ àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù. Ní ìjọ Kátólíìkì, prefect ni ẹni tí Póòpù fi ṣe olórí ọ́fíìsì ńlá kan ní Vatican, kádínà tàbí bíṣọ́ọ̀bù sì ni ó sábà máa ń jẹ́. Ọmọ Nàìjíríà ni Kádínà Francis Arinze, ó sì jẹ́ prefect ọ́fíìsì tí ń mójú tó ìsìn láti 2002 sí 2008. Ìjọ kan náà tún ń pe olórí ilẹ̀ míṣọ́nnárì tí kò tíì di dáyósíìsì ní prefect, nítorí náà nínú ìwé Kátólíìkì pàápàá, ẹ ṣì ní láti béèrè pé prefect kí ni.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti ilẹ̀ Faransé. Napoleon ni ó fi préfet sí ẹ̀ka ìjọba kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òfin ọdún 1800, kí ó lè jẹ́ ojú àti etí ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ jogún rẹ̀. Ẹ̀ka 12 ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní préfet tí ìjọba fi síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Plateau, níbi tí àwọn ará Kétu àti Ṣàkẹ́tẹ́ tí wọ́n ń sọ Yorùbá bíi tiwa ń gbé. Bí oníṣòwò ará Ìjẹ̀bú bá gbọ́ lọ́hùn-ún pé préfet ti fọwọ́ sí ìwé, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n dìbò yàn bíi gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ti Japan ni kí ẹ yẹra fún: àwọn òyìnbó ń pe ìpínlẹ̀ 47 tí ó wà níbẹ̀ ní prefecture, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe prefect, ìbò ni wọ́n sì fi ń yàn án.

Ti ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wọlé sí àwọn gírámà wa, níbi tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti ń yá ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ ní díẹ̀ nínú àṣẹ rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí ń jẹ́ orúkọ yìí lónìí, òun gan-an ni mo rò pé ó ṣì sún mọ́ ọmọdé ọjọ́ ọdún Latin yẹn jù.

Kíkọ ọ́ ní Yorùbá, àti kíkà á lára òkúta

Bí ẹ bá ń kọ̀wé, ẹ fi praefectus sílẹ̀ ní Látìnì ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà ẹ lè máa lo ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan: “ajẹ́lẹ̀” fún ti Íjíbítì, Judíà àti Capua, “olórí ẹ̀ṣọ́” fún praetorio ṣáájú 312, “alábòójútó ọkà” fún annonae, “ọ̀gá” tàbí “olórí” fún ti ológun. Fún praefectus urbi, “olórí ìlú” dára, bí ẹ bá ti ṣàlàyé pé àṣẹ Késárì ni ó ń lò. Ẹ má ṣe lo “pírífẹ́ẹ̀tì” fún ọ̀kankan nínú wọn. Mo ti dán an wò, mo sì ti sọ ohun tí ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Lára òkúta, PRAEF ni ẹ óò sábà rí, nítorí pé agbẹ́kùúta máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ẹ ka lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e: VIG ni panápaná, ANN ni ọkà, CLASS ni ọkọ̀ ojú omi, AEG ni Íjíbítì, FABR ni ọwọ́ ọ̀tún ọ̀gágun. Ọ̀pọ̀ òkúta sì máa ń to ìgbésí ayé ọ̀dọ́ ẹlẹ́ṣin kan báyìí: PRAEF COH, lẹ́yìn náà TRIB MIL, lẹ́yìn náà PRAEF ALAE. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ọkùnrin náà gòkè di TRIB MIL, tí wọ́n sì tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ padà sí ipò tí ó ti wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí 500 ẹlẹ́sẹ̀, ó di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá légíónì, nígbà tí ó sì tún jẹ́ praefectus lẹ́ẹ̀kejì, 500 ẹlẹ́ṣin ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀.